Persib Bandung

Persib Bandung jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá tó fi ìlú Bandung ṣe ibùjókòó. Bandung ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Java ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Aṣọ búlúù ni wọ́n ń wọ̀. Títí di òpin sáà 2024–25, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ẹgbẹ́ náà ti gba ife ìdíje tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè wọn: ní 1937, 1961, 1986, 1990 àti 1994, nígbà tí ìdíje náà ń jẹ́ Perserikatan, ní 1995, sáà àkọ́kọ́ Liga Indonesia, ní 2014, àti ní 2024 àti 2025 léraléra.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìtàn Persib kò gbọdọ̀ fi ojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òde òní wo ọdún àádọ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà náà, àjọ ni Persib. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké inú ìlú ló para pọ̀ dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n sì ń ṣa jọ láti gbá bọ́ọ̀lù lórúkọ ìlú. Ó di 2009 kí Persib tó di kọ́ńpìnnì.

## Orúkọ àti ìnagijẹ

Persib ni ìkékúrú Persatuan Sepak Bola Indonesia Bandung. Persatuan ni ìṣọ̀kan. Sepak bola ni bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ "Indonesia" tó wà láàárín orúkọ náà ní òṣèlú nínú. Ní 1933, abẹ́ ìjọba amúnisìn Nẹ́dálándì ni ilẹ̀ náà wà, kò sì sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Indonéṣíà lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Ẹgbẹ́ tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí sórúkọ ara rẹ̀ ti sọ ibi tó dúró sí.

Ìnagijẹ wọn tó gbajúmọ̀ jù ni Maung Bandung. Ní èdè Sunda, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Java ń sọ, maung ni ẹranko ńlá tó jọ ẹkùn, àmọ́ tó jẹ́ ìlà dúdú gbọọrọ ló wà lára rẹ̀ dípò àmì tóótòòtó. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Sunda so ẹranko yìí mọ́ Prabu Siliwangi, ọba Pajajaran àtijọ́, tí wọ́n ní ó wọgbó lọ, ó sì para dà di maung. Wọ́n tún ń pe ẹgbẹ́ náà ní Pangeran Biru, ìyẹn Ọmọ Ọba Aláṣọ Búlúù.

## Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹgbẹ́ tí Persib ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde ni Bandoeng Inlandsche Voetbal Bond, tí wọ́n ń ké ní BIVB. "Inlandsche" ni èdè Nẹ́dálándì fún ọmọ onílẹ̀. Àjọ náà wà fún àwọn tí ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó kì í gbà wọlé tàbí tí wọ́n kàn ń fún láyè díẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1930, aṣojú BIVB wà lára àwọn tó pàdé ní Yogyakarta láti dá PSSI sílẹ̀, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù Indonéṣíà títí di òní. Àjọ ìlú méje ló pé síbẹ̀: ti Jakarta, Bandung, Yogyakarta, Solo, Madiun, Magelang àti Surabaya. Soeratin Sosrosoegondo ni wọ́n fi ṣe olórí.

BIVB kò pẹ́ lẹ́yìn ìpàdé yẹn tó fi tú ká. Àjọ méjì ló rọ́pò rẹ̀ ní Bandung, PSIB àti National Voetbal Bond, àwọn méjèèjì sì da pọ̀ di Persib ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 1933. Anwar St. Pamoentjak ni alága àkọ́kọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ yìí ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ lẹ́yìn ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣe, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti gba ọjọ́ 5 oṣù kìíní 1919 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìdásílẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí àwọn ìwé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí kò fi bára mu lórí ọjọ́ orí Persib. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀: ṣé ọjọ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ́kọ́ kó ara wọn jọ ni, àbí ọjọ́ tí orúkọ Persib dé?

Àjọ àwọn òyìnbó náà wà nínú ìlú kan náà. VBBO ni orúkọ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ bíi UNI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903, àti SIDOLIG sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àárín ìgboro ni pápá tiwọn wà. Ẹ̀yìn ìlú, ní Tegallega àti Ciroyom, ni Persib ti ń gbá tiwọn, torí náà ojú ẹgbẹ́ kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò wọ́n. Nígbà tó yá ni ìwọ̀n yí padà, tí àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ VBBO, UNI àti SIDOLIG pẹ̀lú, wá sábẹ́ Persib, tí àwọn pápá àárín ìlú sì tẹ̀ lé wọn wá. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Persib ti dé àṣekágbá ìdíje PSSI ní 1933, 1934 àti 1936 láìgba ife. Solo ni wọ́n ti wá gba ti àkọ́kọ́ ní 1937, Persis tó ni ilé sì ni wọ́n nà.

## Bí Perserikatan ṣe ń ṣiṣẹ́

Perserikatan kì í ṣe líìgì bí a ti mọ líìgì lónìí, àwọn ìtàn tí a ń kà nípa Persib kò sì ní yé èèyàn dáadáa bí kò bá mọ bó ṣe rí. Àjọ ìlú sí àjọ ìlú ló ń bára wọn figagbága. Lábẹ́ àjọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an wà, tí wọ́n máa ń kọ PS síwájú orúkọ wọn. Iye irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Persib dé 36. Wọ́n ní ìdíje tiwọn nínú ìlú, wọ́n ní ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀, wọ́n sì ní ìbò tí wọ́n fi ń yan àwọn olórí Persib.

Ọmọdé tó bá fẹ́ dé Persib kọ́kọ́ ń forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn PS wọ̀nyí. Ó ń gbá fún un nínú ìdíje ìlú, àwọn aṣàyàn sì ń lọ láti pápá dé pápá láti wò ó. Bí wọ́n bá pè é, yóò lọ sí ibùdó ìgbaradì, aṣọ Persib ni yóò wọ̀ nínú ìdíje orílẹ̀-èdè, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé PS tó ti wá. Owó oṣù kọ́ ni wọ́n fi ń fà á mọ́ra. Ohun tó sábà ń rí gbà ni iṣẹ́: ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ní báńkì tàbí ní ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ìdí nìyí tí agbábọ́ọ̀lù ìgbà náà kì í fi í tètè kúrò ní ìlú rẹ̀, torí ẹni tó bá fi Persib sílẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Méyọ̀ ìlú ló máa ń ṣe alága, inú ètò ìṣúná ìjọba ìlú sì ni owó ti ń wá. Ètò yìí lágbára níbi kan, ó sì lẹ̀ níbòmíràn. Agbára rẹ̀ ni pé agbábọ́ọ̀lù kò lè tán ní àdúgbò níwọ̀n ìgbà tí ìdíje abẹ́lé bá ń lọ déédéé. Àìlera rẹ̀ ni pé bí ìdíje abẹ́lé bá dákẹ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kò sí ibòmíì tí wọ́n lè yà sí láti ra agbábọ́ọ̀lù, ipa rẹ̀ yóò sì hàn lára ẹgbẹ́ àgbà lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ìpele àkọ́kọ́ ìdíje náà máa ń jẹ́ ti agbègbè. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó kù yóò kóra jọ sí ojú kan, ní Jakarta lọ́pọ̀ ìgbà, láti parí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, pápá Senayan ni àwọn mẹ́fà tó kẹ́yìn ti ń pàdé. Ọ̀nà mọ́tò láti Bandung sí Jakarta tó nǹkan bí 150 kìlómítà, kò sì jìnnà ju kí èèyàn wọ bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ẹrù tàbí rélùwéè. Ìyẹn ló jẹ́ kí Persib máa ní èrò tó pọ̀ ní pápá tí kì í ṣe tiwọn ju èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ní nílé ara wọn lọ.

## Ogun àti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e

Nígbà tí Jàpáánì gba ilẹ̀ náà ní 1942, wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ PSSI dúró, Persib náà sì dákẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde òmìnira ní 1945, àwọn ọmọ ogun amúnisìn padà wá. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta 1946, àwọn ará gúúsù Bandung fi iná sí ilé ara wọn kí ọ̀tá má bàa rí ibi gbé, wọ́n sì kó kúrò ní ìlú. Bandung Lautan Api ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà, ìyẹn Bandung Òkun Iná. Persib tọ àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́yìn: orúkọ rẹ̀ hù ní Tasikmalaya, ní Sumedang àti ní Yogyakarta, níbi tí àwọn tó sá kúrò nílé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1948 ni wọ́n tún un gbé dìde ní Bandung.

Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba ìlú lábẹ́ méyọ̀ R. Enoch ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ní ilé àkóso ní òpópónà Gurame. Wọ́n gba ipò kejì ní 1950 àti 1959. Ife kejì dé ní 1961. Ní 1966, PSM ti Makassar ló nà wọ́n ní àṣekágbá, àárẹ̀ sì dé lẹ́yìn ìyẹn.

## Ìṣubú àti àtúnkọ́

Persib já sí ìpele kejì Perserikatan ní sáà 1978–79. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló so èso tí wọ́n jẹ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n pín iṣẹ́ sí méjì: akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ ilẹ̀ Pólándì kan, Marek Janota, gba àwọn ọ̀dọ́, Risnandar Soendoro mú àwọn àgbà. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n da ìran méjèèjì pọ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Adjat Sudradjat, Adeng Hudaya, Iwan Sunarya, Wawan Karnawan àti Robby Darwis ti jáde. Robby Darwis di ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó dára jù tí Indonéṣíà tíì ní. Ó wà nínú ikọ̀ tó gba góòlù ìdíje SEA Games ní 1987 àti 1991.

Díẹ̀ nínú àwọn tó ń kọ ìtàn Persib ló ń fún Janota ní àyè tó tọ́ sí i. Ife kankan kò wá lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ka orúkọ àwọn tó gbá àṣekágbá láti 1983 títí kan 1990, ọwọ́ rẹ̀ hàn níbẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

## Àwọn àṣekágbá Senayan

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Persib kọ́kọ́ pàdánù, ọwọ́ ẹgbẹ́ kan náà sì ni, PSMS ti ìlú Medan. Ní 1983, wọ́n gbá ọ̀mì láìsí ayò, PSMS sì borí pẹ̀lú pẹ́nárítì, 3–2. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì 1985, wọ́n tún pàdé. PSMS gbá méjì wọlé kí Persib tó jí, Persib dá méjèèjì padà, ó di 2–2, ó tún di pẹ́nárítì. Ponirin Meka ló ṣọ́ ilé fún PSMS, ife sì tún lọ sí Medan, 2–1.

Iye èrò tó wá wo ìdíje 1985 ni àwọn èèyàn fi ń rántí rẹ̀ jù. Nǹkan bí 150,000 ni wọ́n sábà ń kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Senayan kò ní àyè ìjókòó tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka èrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, ó sì yẹ kí a fi sùúrù gba iye náà. Àmọ́ àwọn fọ́tò ọjọ́ náà jẹ́rìí sí bí pápá ṣe kún: àwọn èèyàn ti kúrò lórí ìjókòó, wọ́n ti bo ojú ọ̀nà eré sísá, àwọn kan sì jókòó sórí koríko lẹ́yìn ìlà pápá, débi pé ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù igun kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi sá bọ̀.

Oṣù kẹta 1986 ni ìdè já. Perseman, ẹgbẹ́ Manokwari láti Papua, ni wọ́n bá pàdé. Djadjang Nurdjaman ló gbá ayò kan ṣoṣo tó wọlé, lábẹ́ Nandar Iskandar tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 1990, lábẹ́ Ade Dana, wọ́n na Persebaya ti Surabaya 2–0: Subangkit, tó jẹ́ ti Persebaya, ló gbá àkọ́kọ́ sílé ara rẹ̀, Dede Rosadi sì fi ìkejì kún un. Ateng Wahyudi ni méyọ̀ ìlú nígbà ife méjèèjì.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1994, wọ́n na PSM 2–0, Yudi Guntara àti Sutiono Lamso ló gbá a wọlé. Àṣekágbá Perserikatan tó kẹ́yìn nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, AC Milan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù wá sí Jakarta fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n sì gbá mẹ́jọ wọ ilé Persib láìgba ìkankan.

## Liga Indonesia 1994–95

Láti 1979 ni ìdíje kejì ti wà lórílẹ̀-èdè náà, Galatama, tó wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ àti olówó ń dá ṣe. Ní 1994, PSSI pa Galatama àti Perserikatan pọ̀. Ẹgbẹ́ 34 ni wọ́n, wọ́n pín wọn sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, mẹ́tàdínlógún lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ rò pé àwọn ti Galatama ni yóò jẹ gàba, nítorí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń san owó oṣù, wọ́n sì lè gba àwọn àjèjì. Pelita Jaya mú Roger Milla wá láti Kamẹrúùnù. Petrokimia Putra ní Jacksen F. Tiago láti Bràsíìlì.

Indra Thohir, akọ́nimọ̀ọ́gbá Persib, kò ní àjèjì kankan. Àwọn tó fi gba ife 1994 ló kó wọ ìdíje tuntun, Robby Darwis sì ni balógun wọn. Wọ́n na Barito Putera 1–0 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1995, ní Senayan, wọ́n na Petrokimia Putra pẹ̀lú iye kan náà. Ìṣẹ́jú 76 ni Sutiono Lamso jù ú sáwọ̀n. Kí ó tó dìgbà yẹn, Jacksen ti gbá ọ̀kan wọlé tí adájọ́ kò kà, ìjà lórí ìdájọ́ náà kò sì tíì tán ní Gresik, ìlú Petrokimia, títí di òní.

Ife yìí gbé wọn dé ìdíje àwọn akọgun Éṣíà. Wọ́n borí Bangkok Bank ti Thailand àti Pasay City ti Philippines, wọ́n sì gbàlejò ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Bandung. Níbẹ̀ ni Ilhwa Chunma láti Gúúsù Kòríà, Verdy Kawasaki láti Jàpáánì àti Thai Farmers Bank ti dá wọn dúró.

## 1996 sí 2008

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ní 1996, Bandung tún gba ife, àmọ́ Bandung Raya ló gbà á, ẹgbẹ́ Galatama tí èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ wò. Ọdún kejì wọ́n tún dé àṣekágbá, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tú ká ní 1997.

Ní 2003, Persib gba akọ́nimọ̀ọ́gbá Marek Sledzianowski àti àwọn agbábọ́ọ̀lù mélòó kan láti Pólándì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa ronú kan Janota. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́gun kò wá, wọ́n lé e, Juan Páez láti Ṣílè ló gba iṣẹ́ náà, ìdíje àṣekún ní Solo ló sì yọ wọ́n nínú jíjá sí ìpele kejì. Ní 2006, ipò tí wọ́n wà tún léwu, àmọ́ ilẹ̀ mì tìtì ní Yogyakarta ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, PSSI sì fagi lé jíjá sí ìpele kejì fún ọdún náà. Ní 2007, lábẹ́ Arcan Iurie ọmọ Moldova, wọ́n wà lókè tábìlì nígbà tí sáà dé ìdajì, wọ́n sì já wálẹ̀ kí ó tó parí.

## Láti àjọ dé kọ́ńpìnnì

Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà owó ìjọba ìlú mọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Òfin náà le sí i láti 2006, ní 2011 sì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò tíì múra sílẹ̀ jẹ gbèsè owó oṣù, àwọn kan sì parẹ́.

Persib tètè ṣe é. Ní 2009 ni wọ́n dá PT Persib Bandung Bermartabat sílẹ̀. Méyọ̀ Dada Rosada ló ṣíwájú ìyípadà náà, Glenn Sugita wá di olórí kọ́ńpìnnì, Umuh Muchtar sì jẹ́ mánéjà ikọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ipò àwọn PS 36 ló wá di ìbéèrè. Àwọn ló ni Persib tẹ́lẹ̀ nípa ìbò. Nínú kọ́ńpìnnì, owó tí èèyàn fi sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìdíje abẹ́lé tó ń pèsè agbábọ́ọ̀lù sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ lè ra ẹni tó wù ú báyìí. Owó tikẹ́ẹ̀tì, aṣọ tí wọ́n ń tà àti àwọn onígbọ̀wọ́ ló rọ́pò owó ìlú, Persib sì wà lára àwọn tó ń rí èyí ṣe dáadáa jù lórílẹ̀-èdè náà, torí èrò wọn pọ̀.

## Ife 2014

Djadjang Nurdjaman padà wá gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà. Ó ti gba ife pẹ̀lú Persib gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, ó sì wà lára àwọn igbákejì Indra Thohir ní 1995. Ó kó Firman Utina, M. Ridwan, Supardi Nasir àti Achmad Jufriyanto jọ, àwọn tí wọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Sriwijaya. Makan Konaté láti Mali ló wà láàárín, Vladimir Vujović láti Montenegro wà lẹ́yìn, Ferdinand Sinaga sì wà níwájú.

Wọ́n na Arema 3–1 lẹ́yìn àfikún àsìkò kí wọ́n tó dé àṣekágbá, ní Palembang, ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 2014. Persipura ti Jayapura ló dúró dè wọ́n. Ian Kabes ló ṣí i fún Persipura láìpẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ kù díẹ̀ kó parí, Immanuel Wanggai gbá a sílé ara rẹ̀. M. Ridwan mú Persib ṣíwájú lẹ́yìn ìsinmi, Boaz Solossa sì dá a padà. Àfikún àsìkò kò yí nǹkan padà. Nínú pẹ́nárítì, I Made Wirawan mú ti Nelson Alom, ó wá ku Achmad Jufriyanto. Ó gbá a wọlé, 5–3. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń retí rẹ̀.

## Lẹ́yìn 2014

Wọ́n gba ife Piala Presiden ní oṣù kẹwàá 2015, lẹ́yìn tí wọ́n na Sriwijaya 2–0. Ọdún tí FIFA fi òfin de PSSI nítorí ìjọba da sí ọ̀rọ̀ àjọ náà nìyẹn, líìgì gan-an sì ti dúró. Ní 2017, Michael Essien láti Gánà àti Carlton Cole láti Ìlú Ọba wá sí Bandung. Wọ́n ta aṣọ, ẹgbẹ́ sì parí sí ipò kẹtàlá. Ní 2018, wọ́n wà lókè tábìlì kí ìyà tí àjọ fi jẹ wọ́n nítorí ìwà àwọn alátìlẹ́yìn tó lé wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù ilé wọn ní Kalimantan láìsí òǹwòran. Ipò kẹrin ni wọ́n parí sí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Robert Alberts mú wọn dé ipò kejì ní 2021–22.

Bojan Hodak, akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Kroatíà, dé ní oṣù keje 2023 lẹ́yìn tí Luis Milla fiṣẹ́ sílẹ̀. Borneo FC ló ṣíwájú tábìlì sáà yẹn, àmọ́ ìdíje àwọn mẹ́rin tó wà lókè ni wọ́n fi ń yan akọgun. Persib na Madura United 3–0 nílé àti 3–1 lóde, ní ọjọ́ 26 àti 31 oṣù karùn-ún 2024. David da Silva, atamátàsé ọmọ Bràsíìlì, gbá 30 wọlé ní sáà náà. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, tábìlì nìkan ni wọ́n lò, Persib sì ti gba ife kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn tó tán. Marc Klok ni balógun. Victor Igbonefo, tí wọ́n bí ní Enugu, tó sì di ọmọ Indonéṣíà ní 2011, wà lára àwọn tó gba ife 2024.

## Àwọn pápá ìṣeré

Siliwangi ni pápá tí ìtàn Persib pọ̀ sí jù. Ó ti jẹ́ pápá àwọn ọmọ ogun Nẹ́dálándì tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Siliwangi tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní 1956. Ti ológun ni títí di òní, Persib kàn ń yá a lò nígbà náà ni. Si Jalak Harupat, tó gba nǹkan bí 27,000, wà ní Soreang ní ìta ìlú. Ìnagijẹ akọni ìjàǹgbara òmìnira Oto Iskandar di Nata ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Gelora Bandung Lautan Api, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún 2013 ní Gedebage, gba nǹkan bí 38,000. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀. Adágún omi ńlá ni ibi tí Bandung wà ní ayé àtijọ́, amọ̀ rírọ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ Gedebage. Òpó tí wọ́n rì wọlẹ̀ gbé ilé náà dúró, àmọ́ ilẹ̀ tó yí i ká kò ní òpó lábẹ́, ó ń rì díẹ̀díẹ̀. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé ni sìmẹ́ǹtì ti ń sán. Àwọn ọlọ́pàá ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì pẹ́ kí Persib tó lè fi ṣe ilé.

## Bobotoh

Bobotoh ni gbogbo alátìlẹ́yìn Persib ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ Sunda ni, wọ́n ń lò ó fún àwọn tó ń dúró lẹ́yìn ẹni tó ń jìjà láti máa fún un níṣìírí. Ẹgbẹ́ tó tóbi jù láàárín wọn ni Viking Persib Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993. Wọ́n bá Bonek, àwọn alátìlẹ́yìn Persebaya, ṣọ̀rẹ́. Ọ̀tá wọn ni The Jakmania ti Persija Jakarta.

Ìṣọ̀tá yìí ti pa èèyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2018, wọ́n lu alátìlẹ́yìn Persija kan pa níta Gelora Bandung Lautan Api, líìgì sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní oṣù kẹfà 2022, àwọn bobotoh méjì kú nínú ìrọ́gìrì èrò ní pápá kan náà, ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Persebaya. Lẹ́yìn àjálù Kanjuruhan ní Malang ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, tó gba ẹ̀mí èèyàn 135, wọ́n fi òfin de àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ àlejò ní gbogbo líìgì. Nígbà tí Persib gba ife 2024 ní Bangkalan, lábẹ́ òfin yìí ni.